Yógà Lókè Òkun: Ilé Wo Ni Mùsùlùmí Lè Wọ̀ Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu, nítorí pé a kì í sábà gbọ́ ọ ní ìdí wàásù. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé wa láti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókè òkun, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó di ohun tí yóò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ.

Ní Gánájà níbí, ní ẹ̀bá odò Ọya, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Lọ́kọ́ja lọ sí Àjàòkúta, ẹni tí ó bá ti gbé ibẹ̀ pẹ́ mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọdún 2012, odò Ọya àti odò Bẹ́núé kún àkúnya, omi wọ ilé, ó sì gé ọ̀nà. Ní ọdún 2022 ó tún dé, ó sì jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń kọjá ní ibi tí mọ́tò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Omi a máa fà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kì í tètè fà. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa, ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà omi ọdún 2022 ni kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́. Bí òjò bá ṣú lóru, yóò dìde jókòó sí etí ibùsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá dá a lábàá pé kí àwọn méjèèjì pàdé ní Íńdíà. Dókítà yóò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní ìlú Chennai, lẹ́yìn náà yóò lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ilé kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìdákẹ́jẹ́ ọkàn.

Ó mú ìwé tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a parí àsàlátù. Ó ní, "Bá mi wò ó, ọmọ mi. Ilé ìwòsàn ni, àbí ilé àdúrà?"

Mo wo àwòrán tí ó wà níbẹ̀: òkè, igi, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó sílẹ̀ tí wọ́n pa ojú dé. Ó wu ojú. Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, mo sì rí ètò ojoojúmọ́ ilé náà àti òfin rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké tẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè Ìyá wà. Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé máa kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó wo àwòrán, kí ẹ sì tó san kọ́bọ̀.

Kí ni a ń pè ní áṣírámù?

Áṣírámù yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó sì yàtọ̀ sí ilé eré ìdárayá. Ilé tí olùkọ́ ẹ̀sìn kan ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń sìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé kéwú àtijọ́, níbi tí ọmọ kéwú ti ń gbé lọ́dọ̀ àáfà, tí ó ń bá a roko, tí ó sì ń gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ó ṣe rí. Ìlú Rishikesh, ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, ní etí odò Ganges, wà lára ibi tí òkìkí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kàn jù. Swami Sivananda, tí ó ti ṣiṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Màlàyá kí ó tó yà sí ọ̀nà ẹ̀sìn, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1936. Ní ọdún 1968, àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Beatles lọ jókòó lẹ́sẹ̀ olùkọ́ mìíràn ní ìlú kan náà. Òkìkí ìlú náà kàn dé gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ funfun lẹ́yìn èyí.

Bí ó bá jẹ́ ilé ìsìn, ìsìn ta ni? Ìsìn Híńdù ni, lọ́pọ̀ ìgbà. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń gbé Gánájà, níbi tí Ìgalà, Ẹ̀bìrà, Nupe, Okun àti Ọ̀wọ́rọ̀ ti jọ ń ná ọjà kan, a mọ bí a ṣe ń wọ ilé ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. A máa ń kí wọn kú ọdún, a máa ń bá wọn jókòó nínú ọ̀fọ̀. A sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a rọra bọ́ sí ìta gbangba, nítorí pé a gbọ́ èdè ara wa, a sì mọ̀ bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá di ti ìsìn. Ní áṣírámù, ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ kò mọ ìgbà náà. Ó lè máa pa àtẹ́wọ́ sí orin fún wákàtí kan gbáko láì mọ ẹni tí orin náà ń pè.

Yógà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ìmọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Al-Biruni, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ńlá tí Ìsìláàmù bí, kọ́ èdè Sanskrit, ó sì túmọ̀ ìwé Patanjali, tí í ṣe ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yógà, sí èdè Lárúbáwá. Kò torí rẹ̀ fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ó mọ ohun tí àwọn ènìyàn Íńdíà gbàgbọ́ láti ẹnu àwọn fúnra wọn. Ìmọ̀ ọkàn ni púpọ̀ nínú ìwé náà dá lé. Títẹ̀ ara àti nínà ara tí ayé ń pè ní yógà lóde òní, àwọn olùkọ́ ìgbà tí kò tíì pẹ́ ni wọ́n mú un gbajúmọ̀. Krishnamacharya, tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní ààfin Mysore, tí ó sì kú ní ọdún 1989 lẹ́ni tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wà lára wọn, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, B. K. S. Iyengar. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ pé yógà ni òun ń ṣe, ẹ má tíì pariwo. Ẹ bi í pé èwo nínú rẹ̀ ni: títẹ̀ ara ni, mímí ni, jíjókòó jẹ́jẹ́ ni, tàbí orin àti ìforíbalẹ̀?

Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ

Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ní ọdún 2004, Mùfútì Àgbà ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà sọ pé ìṣe ẹ̀sìn Híńdù ni, kò sì tọ́ sí Mùsùlùmí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà ilẹ̀ Màlééṣíà náà kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n olórí ìjọba wọn yára ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá ń fi ṣe eré ìdárayá láì kọ orin ìsìn mọ́ ọn kò ní ẹ̀sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Indonéṣíà ya méjèèjì sọ́tọ̀: èyí tí ọfọ̀ Híńdù wà nínú rẹ̀ kò tọ́, èyí tí ó jẹ́ ìdárayá nìkan kò burú. Ní ọdún 2017, ilẹ̀ Saudi Arábíà fọwọ́ sí kíkọ́ni ní yógà gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ní Íńdíà pàápàá, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún yógà àgbáyé àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ kọ̀ láti kí oòrùn, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìṣe náà, ìjọba sì yọ ọ́ kúrò nínú ètò ọjọ́ náà.

Èmi kì í ṣe mùfútì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fátíwà tọ àáfà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà ti ń yà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò bá ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn wí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí ahọ́n ń pè àti ohun tí iwájú orí ń wólẹ̀ fún. Ẹ fi ìbéèrè méjèèjì yìí sọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ ka ètò ilé èyíkéyìí.

Bí a ṣe ń ka ètò ojoojúmọ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan tí ó lókìkí. Swami Vishnudevananda, ọmọlẹ́yìn Sivananda, dá áṣírámù kan sílẹ̀ ní Neyyar Dam, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní ọdún 1978. Àwọn ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ wà káàkiri ayé, ètò kan náà sì ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀lé. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àárọ̀ ni àpéjọ àkọ́kọ́. Ní agogo mẹ́jọ ni kíláàsì títẹ̀ ara. Ní agogo mẹ́wàá ni oúnjẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ilé, bíi gbígbálẹ̀ àti fífọ abọ́, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣe láì gba owó. Kíláàsì kejì wà ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kejì ní agogo mẹ́fà, àpéjọ kejì ní agogo mẹ́jọ alẹ́.

Ẹ wá mú wákàtí ìrun wa ká a lórí. Oòrùn Kerala kì í sábà yọ kí agogo mẹ́fà tó lù, nítorí náà ẹni tí ó bá jí ní ìdájí yóò ti kí Àsùbáà kí àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀. Àyìlà bọ́ sí àkókò iṣẹ́ ilé tàbí ìsinmi. Mọ̀gàríbì bọ́ sí ìdí oúnjẹ alẹ́, Ìṣáì sì ṣeé dá dúró títí àpéjọ yóò fi parí. Ní ti wákàtí, kò sí ìjà ńlá níbẹ̀. Inú àpéjọ ni ìjà wà. Ìjókòó ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí kò le. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin tí ó ń pe orúkọ àwọn òrìṣà Híńdù, ní ìparí wọn a sì gbé iná yípo níwájú àwòrán àti ère. Àwọn onílé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé dandan ni kí gbogbo àlejò wá sí àpéjọ méjèèjì. Ẹni tí kò bá ka ìlà yẹn nílé yóò kà á níbẹ̀, nígbà tí owó ti wọ àpò wọn.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní, "Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè jókòó fún ìdákẹ́jẹ́, kí n sì jáde nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀? Ṣé yàrá wà tí mo ti lè kírun?" Ẹ má gba ìdáhùn orí fóònù, ìwé ni kí wọ́n fi dáhùn. Ilé tí ó bá dáhùn pé kò ṣeé ṣe ti ṣe yín lóore, nítorí pé ó sọ òtítọ́ fún yín. Ilé tí ó bá dáhùn pé, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, ẹ̀sìn kan náà ni gbogbo rẹ̀," ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní èèwọ̀ tiwa nínú: kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọtí. Àlùbọ́sà àti ááyù pàápàá kò wọ ìkòkò wọn. Ẹni tí ẹja odò Ọya ti mọ́ lẹ́nu láti kékeré, kí ó ti bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ.

Irú ilé kejì ni èyí tí ìwé Ìyá ti wá. Kì í ṣe áṣírámù Híńdù, ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń kà á mọ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni S. N. Goenka, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Bọ́mà, ni ó tan ẹ̀kọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí a ń pè ní Vipassana ká ayé. Ilé ńlá wọn wà ní Igatpuri, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, láti ọdún 1976. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ náà. Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sí fóònù, kò sí ìwé kíkà. Ọkùnrin wà lọ́tọ̀, obìnrin wà lọ́tọ̀. Wọn kì í gba owó. Ẹni tí ó bá parí ni ó lè fi ẹ̀bùn sílẹ̀. Wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọrin sí òrìṣà. Gbogbo èyí dára létí Mùsùlùmí, ó sì dára létí ọmọ Ìyá.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́: títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, kí olúkúlùkù dá ìsìn rẹ̀ dúró. Kò sí àdúrà, kò sí ààwẹ̀, kò sí tẹ̀súbáà kíkà. Wọ́n ní àwọn kò bá ẹ̀sìn kankan jà, pé kí ẹ̀kọ́ náà lè dá ṣiṣẹ́ ni. Mo gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, ìrun márùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, àádọ́ta ìrun ni.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ fún Ìyá, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àádọ́ta? Bí wọ́n bá bi mí léèrè lọ́la, kí ni n ó sọ? Pé mo ń wá oorun?"

Ọmọ rẹ̀ kò ní ètekéte. Àwòrán ni ó wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe.

Ibi tí a kò ti ní sùn sí

Ohun tí a kì í sábà sọ fún arìnrìn-àjò ni pé kò pọn dandan kí ènìyàn gbé inú áṣírámù kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń na ẹ̀yìn àti bí a ṣe ń mí. Ní Chennai, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń lọ tọ́jú ara, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí à ń pè ní Krishnamacharya Yoga Mandiram. T. K. V. Desikachar, ọmọ Krishnamacharya, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1976. A mọ̀ wọ́n fún kíkọ́ ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àìsàn rẹ̀ bá ṣe rí. Ní Pune, ilé ẹ̀kọ́ Iyengar wà láti ọdún 1975. Orin ìkíni kan sí Patanjali ni wọ́n fi ń ṣí kíláàsì níbẹ̀. Ẹ lè tọrọ àyè láti dúró jẹ́jẹ́ títí yóò fi tán. Ní Bangalore, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba tí à ń pè ní NIMHANS ní ẹ̀ka tí àwọn dókítà ti ń lo yógà pẹ̀lú oògùn. Irú àwọn ibi báyìí, ẹ óò lọ, ẹ óò kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ óò sì padà sí ibùwọ̀ yín lọ kí ìrun yín.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa ńkọ́? Ní Accra, ní Odorkor, Hindu Monastery of Africa wà láti ọdún 1975. Ọmọ Ghana ni olùdásílẹ̀ rẹ̀, Swami Ghanananda Saraswati, tí ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Rishikesh, tí ó sì kú ní ọdún 2016. Ibẹ̀ súnmọ́ wa, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà láti wọ Ghana. Ṣùgbọ́n tẹ́ḿpìlì ni, ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó ń wá ìwòsàn ẹ̀yìn kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma kò gbọdọ̀ fi orí dúró, bí olùkọ́ bá tilẹ̀ ń rọ̀ ọ́, nítorí pé orí dídà kodò ń fi kún ipá tí ó wà nínú ojú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba oògùn dókítà lọ́wọ́ yín pé mímí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ta ni ó ń gbé inú ilé náà?

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ní Jodhpur rán Asaram, olùkọ́ tí ó ní áṣírámù púpọ̀ ní Íńdíà, lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí pé ó fipá bá ọmọdébìnrin kan lò pọ̀. Ní Ọsirélíà, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba jókòó ní ọdún 2014 lórí ohun tí ojú àwọn ọmọdé rí ní áṣírámù kan ní Mangrove Mountain ní àwọn ẹ̀wádún 1970 àti 1980. Kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín nínú wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀ ní ilé kan ní Rìgásà, ní Kàdúná. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tú ènìyàn tí ó lé ní igba sílẹ̀ ní Òjòó, ní Ìbàdàn. Orúkọ Ìsìláàmù ni wọ́n kọ sí iwájú ilé méjèèjì, ẹ̀wọ̀n sì wà ní ẹsẹ̀ àwọn kan níbẹ̀. Ilé tí ẹnìkan ti jẹ́ olúwa, tí a kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀, ewu ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín, nítorí pé òfin Íńdíà ní kí onílé jábọ̀ àlejò ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba láàárín ọjọ́ kan. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìwé náà pamọ́. Kí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Kí obìnrin má ṣe gba ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ nínú yàrá olùkọ́ láì sí obìnrin mìíràn níbẹ̀. Kí ẹnìkan ní ilé mọ ọjọ́ tí ẹ óò pè, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò gbúròó yín.

Àwọn kan nínú yín yóò ti máa sọ nínú ọkàn pé, kí ni a ń wá lọ sí Íńdíà? Ṣèbí Ànábì wa dá jókòó nínú ihò Hira kí ìṣípayá tó dé? Ṣèbí ìtìkáàfù ń bẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ràmàdáànì, àwọn ará tàríkà sì ń wọ kàlúwà? Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń wá ìdákẹ́jẹ́ níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀, mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀ súnmọ́ ọn ju Rishikesh lọ. Ṣùgbọ́n ìtìkáàfù kò tún egungun ẹ̀yìn ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ó ń tún un ṣe. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan pa èkejì mọ́ Ìyá tí ara ń ro lẹ́nu.

Ìyá lọ sí Íńdíà. Ọmọ rẹ̀ fagi lé ọjọ́ mẹ́wàá náà láì bínú, nígbà tí ó ka òfin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n gba yàrá kékeré kan ní Chennai, nítòsí mọ́sálásí. Láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin kan tí ilé ìwòsàn júwe fún wọn ń kọ́ ọ bí a ṣe ń na ẹ̀yìn lórí àga, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò gbà kí ó jókòó sílẹ̀, àti bí a ṣe ń ka èémí ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Olùkọ́ náà máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn ṣí ẹ̀kọ́. Ìyá sọ fún un pé òun yóò máa fi Bísímílà ṣí tòun, obìnrin náà sì gbà.

Mo yà sí ilé rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Àga onígi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí odò, ẹní ìkírun rẹ̀ ká sórí rẹ̀. Ó ní òun ṣì ń jí bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n bí òun bá ti ka èémí dé ogójì, oorun a máa padà wá, bí omi kò bá tíì dé ẹnu ọ̀nà.